Wọ́n fẹ́ ti ẹmájẹ́ńsì ọsibítù àdúgbò wa, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé. Apá Ìta-Ọ̀ṣìn ni mò ń gbé l'Abẹ́òkúta. Ọsibítù ìjọba kan nítòsí wa lẹ ìwé mọ́ géètì pé àwọn fẹ́ ti ẹ̀ka ẹmájẹ́ńsì, k'áwọn ará àdúgbò wá ṣèpàdé ní Ọjọ́bọ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ibẹ̀ la sáré gbé màmá mi lọ l'óru ọjọ́ tí BP wọn ga, ọ̀kadà la gùn o, mo fi ìró so wọ́n mọ́ ara mi bí ọmọ. Ká ní ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà la ń lọ lóru yẹn, ká ṣì wá kọjá afárá Láfẹ́nwá... ẹ jẹ́ n dákẹ́. Ọkọ mi ní wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó pè wá. Ṣé kí n lọ? Kí ni kí n bi wọ́n?

Ìyá Ìbejì: Lọ o jàre! A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Kó obìnrin dání.

Nọ́ọ̀sì Adé: Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ má bú wọn kọ́kọ́. Àwọn dókítà ti jápa, dísẹ́ẹ̀lì wọ́n. Àmọ́ ẹ bi wọ́n: ta ló máa dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára aláìsàn kó tó dé Ìdí-Àbà? Áńbúláǹsì dà? Òfin ìlera 2014 ní ọsibítù kankan ò gbọdọ̀ lé ẹni tó wà ní ẹmájẹ́ńsì, owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì ni, àmọ́ tí géètì bá ti wà ní títì, ta lẹ fẹ́ fi òfin mú?

Ẹ̀gbọ́n Lewisham: Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, mínísítà ìlera fẹ́ gé ẹmájẹ́ńsì ọsibítù Lewisham kù, àwọn èèyàn wọ́de, wọ́n tún gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n járe ní July 2013, ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n tún pàdánù ẹ̀ ní October. Ariwo nìkan kọ́ o, kóòtù ní mínísítà ò lágbára láti ṣe é.

Bàbá Kúnlé: Ti Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn, Abẹ́òkúta la wà 😏

Ẹ̀gbọ́n Lewisham: Bàbá, àwa náà lófin. Òfin FOI 2011 wà, tó jẹ́ kí aráàlú lè bèèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ 7 ni iléeṣẹ́ náà ní láti fèsì. Kí ẹni tó bèèrè kọ̀wé sí ọsibítù náà lónìí, kó bèèrè iye èèyàn tí wọ́n ń gbé wá lóru.

Ẹni tó bèèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mà á kọ̀wé náà lónìí. Màmá mi ti gbọ́, wọ́n ní àwọn fúnra àwọn máa wá sí ìpàdé náà ṣàlàyé fún àwọn ọsibítù, àmọ́ àwọn ò gun ọ̀kadà mọ́ láéláé.