Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: SSD wo ni kí n fi kún kọ̀ǹpútà géèmù tí mò ń gbé kiri?

Ọmọ Ọbáńtókó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní fásitì ètò ọ̀gbìn tí ó wà ní ọ̀nà Àlàbátà, ní Abẹ́òkúta. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo ni mo fi ń kàwé, òun náà ni mo sì fi ń ṣe géèmù. Gígábáìtì 512 ni SSD (ibi ìpamọ́ oní-ṣíìpù, tí kò ní awo tí ń yí) tí ó bá a wá, ó sì ti kún dẹ́nu, nítorí pé àwọn géèmù òde òní kì í ṣe kékeré. Baldur's Gate 3 nìkan ń béèrè gígábáìtì 150. Bí mo bá pa ọ̀kan rẹ́ kí òmíràn lè ráyè, owó dátà tí n óò fi tún un dáńlóòdù lẹ́yìn náà ni ó ń dá mi lágara.

Àyè M.2 kan, ihò tí a ń ki SSD pẹlẹbẹ bọ̀, ṣì ṣófo nínú kọ̀ǹpútà náà. Owó kan náà ni wọ́n pè fún oríṣi méjì tí mo rí ní Pánṣẹ́kẹ́. Àkọ́kọ́ jẹ́ tẹ́rábáìtì kan, PCIe 4.0 (PCIe ni ọ̀nà tí dátà ń gbà láàárín SSD àti kọ̀ǹpútà), wọ́n sì kọ mẹ́gábáìtì 7,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan sára páálí rẹ̀. Èkejì jẹ́ tẹ́rábáìtì méjì, PCIe 3.0, 3,500 ni wọ́n kọ sí tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tilẹ̀ ní kí n má da ara mi láàmú, kí n ra háàdì díìsìkì tí à ń fi wáyà USB so. Èwo ni ẹ rò pé ó yẹ mí?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Pánṣẹ́kẹ́
Àbúrò, kọ́kọ́ mọ ihò tí o fẹ́ ki ọjà náà bọ̀. M.2 kàn ń sọ bí ojú ihò náà ṣe rí ni, kò sọ ohun tí ó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn kọ̀ǹpútà kan wà tí ihò M.2 wọn kejì jẹ́ SATA lásán, ọ̀nà àtijọ́ tí ó falẹ̀, irú èyí kò sì lè kọjá nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 550 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí o bá ki NVMe, ìyẹn SSD tí ń gba ọ̀nà PCIe, bọ̀ ọ́, kọ̀ǹpútà náà kò ní rí i rárá. Àwọn mìíràn ń gba NVMe, ṣùgbọ́n PCIe 3.0 ni ọ̀nà wọn. SSD PCIe 4.0 yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìsí wàhálà, àmọ́ ìyára 3.0 ni yóò máa fi rìn, owó tí o san lé e yóò sì ṣòfò.

Yí kọ̀ǹpútà náà dojú délẹ̀, ka nọ́ńbà rẹ̀ ní kíkún, kí o fi wá ìwé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀ lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Má ṣe fi orúkọ kọ̀ǹpútà lásán wá a, nítorí pé wọ́n máa ń fi orúkọ kan náà pe èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wo gígùn rẹ̀ pẹ̀lú. 2280 túmọ̀ sí mìlímítà 22 ní ìbú àti 80 ní gígùn, òun ni ó sì wọ́pọ̀ jù. 2242 wà, 2230 náà wà, irú èyí tí ó wà nínú ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú bíi Steam Deck. Àwọn SSD ńlá kan tún ní ṣíìpù lójú méjèèjì, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ sì lè máà ní àyè tí ó nípọn tó láti gbà wọ́n.

Afidíòṣiṣẹ́ Òkè-Ìlewó
Ẹ ṣeun fún àlàyé yìí. Kí àbúrò wa tún bi ẹni tí ń tajà léèrè irú ṣíìpù tí ó wà nínú tẹ́rábáìtì méjì yẹn, nítorí pé bí SSD ńlá bá jẹ́ owó pọ́ọ́kú, ó máa ń ní ìdí. Ṣíìpù TLC ń kó bíìtì mẹ́ta sí yàrá kékeré kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀, QLC ń kó mẹ́rin, ìdí nìyí tí QLC fi dínwó tí ó sì tètè ń gbó. Ẹ wo ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ fúnra wọn kọ: tẹ́rábáìtì 220 ni Crucial P3 Plus oní-tẹ́rábáìtì kan, tí ó jẹ́ QLC, fọwọ́ sọ̀yà pé a lè kọ sórí rẹ̀ lápapọ̀, WD Black SN770 tí ó jẹ́ TLC, ìwọ̀n kan náà, sọ 600.

N kò fi èyí dẹ́rù ba onígéèmù o, nítorí pé géèmù ń ka nǹkan láti orí SSD ju bí ó ṣe ń kọ ọ́ lọ. Ìgbà tí QLC bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, tí ènìyàn sì fẹ́ kó géèmù gígábáìtì 100 lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni ojú rẹ̀ yóò tó já a: ìyára rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi pé háàdì díìsìkì àtijọ́ yóò máa sáré jù ú lọ. Ní ti DRAM, ṣíìpù ìrántí kékeré tí ó máa ń wà nínú àwọn SSD kan, n kò ní torí pé NVMe kò ní in kí n kọ̀ ọ́, nítorí pé ó lè yá díẹ̀ lò lára RAM (ìrántí ìgbà díẹ̀) kọ̀ǹpútà. SN770 tí mo dárúkọ kò ní in, òun ni mo sì fi ń ṣe iṣẹ́ fídíò. SATA tí kò ní DRAM ni kí ẹ sá fún.

Ọmọ Lísàbí
Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀yin àgbà, ṣùgbọ́n PCIe 4.0 ni èmi yóò rà. Microsoft ti gbé DirectStorage jáde fún Windows, èyí tí ó jẹ́ kí káàdì àwòrán lè tú dátà géèmù fúnra rẹ̀ láìdi ẹrù náà lé CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Bí àwọn géèmù tí ń bọ̀ bá gbájú mọ́ ìlànà yìí, ẹni tí ó ra èyí tí ó falẹ̀ yóò tún náwó.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Pánṣẹ́kẹ́
Òótọ́ ni DirectStorage, àmọ́ géèmù tí ń lò ó kò tíì pọ̀, kọ̀ǹpútà tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lè ti gbó kí wọ́n tó pọ̀. Ibi tí ìyàtọ̀ ńlá wà ni láti háàdì díìsìkì bọ́ sórí SSD. Láti NVMe 3.0 sí 4.0, ohun tí a ń jèrè nígbà tí géèmù bá ń ṣí kì í sábà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, torí pé lẹ́yìn tí SSD bá ti kó dátà dé, CPU ṣì ní láti tú u, kí ó sì tò ó.

Ooru ni ó tún kù. SSD tí ó yára gan-an ń gbóná gan-an, bí ó bá sì ti tó nǹkan bí ìwọ̀n 80 lórí òṣùwọ̀n Selsius, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dẹ ẹsẹ̀ kí ó má baà jóná. Inú kọ̀ǹpútà géèmù gbóná tẹ́lẹ̀ nítorí káàdì àwòrán, ẹ sì wá fojú inú wo oṣù Ẹrẹ́nà ní Abẹ́òkúta, tí oòrùn mú ganrínganrín, tí kò síná, tí fáànù yàrá kò sì yí. 7,000 ara páálí kò ní pẹ́ dínkù níbẹ̀.

Ará Láfẹ́nwá
Háàdì díìsìkì olókùn dára fún fíìmù, fọ́tò àti ẹ̀dà iṣẹ́ ilé-ìwé. Kò dára fún géèmù tuntun, èyí tí púpọ̀ nínú wọn ti ń sọ gbangba pé SSD ni àwọn ń fẹ́. Awo tí ń yí wà nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ tí ń kà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú awo náà; ẹni tí ó ń gun ọ̀kadà kọjá nínú gbágungbàgun ọ̀nà wa kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó ṣì máa yí nínú báàgì. Bí ó bá di dandan kí ó jẹ́ ti ìta, kí ó jẹ́ SSD inú àpótí kékeré oní-USB tí ìyára rẹ̀ jẹ́ gígábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò fún un ní nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wáyà tí yóò máa fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà nínú kíláàsì ni èmi kò fẹ́ràn níbẹ̀.

Ọmọ Ìtòkú
Ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Àwọn kan wà tí Windows yóò sọ pé tẹ́rábáìtì méjì ni wọ́n, tí àyè inú wọn kò sì tó nǹkan; bí ó bá kún tán, fáìlì tuntun á máa jẹ fáìlì àtijọ́. Fi ètò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ H2testw dán an wò kí o tó kó ohunkóhun sí i: yóò kọ nǹkan kún un pátápátá, yóò sì tún un kà. Ètò mìíràn, CrystalDiskInfo, yóò fi wákàtí tí ó ti ṣiṣẹ́ hàn ọ́, èyí ni a fi ń mọ àlòkù tí wọ́n dì bíi tuntun. Ṣùgbọ́n bí tẹ́rábáìtì méjì bá hàn bíi 1.81, má bá oníṣòwò jà, 1,000 ni ilé iṣẹ́ fi ń kà, 1,024 sì ni Windows fi ń kà.

Ọmọ Ọbáńtókó
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti rí ìwé ìtọ́nisọ́nà náà: NVMe ni ihò kejì, 2280, PCIe 3.0. Tẹ́rábáìtì méjì ni n óò rà, oníṣòwò náà sì ti fi hàn mí pé TLC ni, ojú kan ni ṣíìpù rẹ̀ wà. Ṣé dandan ni kí n tún Windows àti àwọn géèmù fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Pánṣẹ́kẹ́
Rárá o. Jẹ́ kí Windows dúró síbi tí ó wà. Pa kọ̀ǹpútà náà pátápátá, yọ wáyà bátìrì inú rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ tó kan ihò náà, kí o sì fi ọwọ́ kan irin láti lé iná ara dànù. Bí o bá tan án tí SSD náà kò hàn, má sọ pé ó ti bàjẹ́. Wọ inú Disk Management, irinṣẹ́ Windows fún ibi ìpamọ́, yan GPT (ìlànà pípín àyè rẹ̀), kí o sì fi NTFS (ìlànà tí Windows fi ń to fáìlì) sí i. Nínú Steam, ètò tí a fi ń ra géèmù tí a sì fi ń ṣí i, lọ sí Storage lábẹ́ Settings, fi SSD tuntun kún un, mú géèmù tí o fẹ́, kí o tẹ Move. Láti orí SSD kan sí èkejì ni yóò ti kó o, kò ní jẹ owó dátà rẹ.