Ohun Tí Ìwé Ìdajì Wákàtí Kọ́ Mi Nípa Wáyà Inú Ọpọlọ Mi

Mo ti ka ìrírí ẹ̀yin tí ẹ ṣáájú mi, ẹ̀yin tí àrùn Parkinson ń ṣe fúnra yín àti ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú bàbá tàbí ìyá yín, mo sì rí i pé ìbéèrè kan náà ló ń padà wá: ṣé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní DBS yìí, tí wọ́n fi ń ti wáyà bọ inú ọpọlọ láti máa rán iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ síbẹ̀, lè wo ènìyàn sàn? Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ṣe é fún mi, mo sì tún wà nínú ìwádìí kan tí wọ́n fi ń wo bí ẹ̀rọ náà ṣe lè ṣiṣẹ́ dáadáa sí i. Ìdáhùn mi kò gùn: kò wò mí sàn. Ṣùgbọ́n ó dá ohun kan padà fún mi tí mo ti gbà pé ó ti lọ, ohun náà ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé, nítorí pé kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń retí.

Nígbà tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi ló ń gbọ̀n bí mo bá gbé e lé itan lásán. Oògùn levodopa tí dókítà kọ fún mi ṣiṣẹ́ débi pé, fún bí ọdún mẹ́rin, ẹni tí kò bá sún mọ́ mi kò lè mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe mí. Levodopa ni ọpọlọ fi ń ṣe dopamine, èròjà tó ń dín kù nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè rẹ̀ ń kú. Nígbà tó yá, àkókò tí oògùn fi ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Hóró kan tó ń gbé mi fún wákàtí márùn-ún tẹ́lẹ̀ kò gbé mi ju méjì lọ mọ́. Kí ó tó wọ ara, mo máa ń le gan bí igi, n ó jókòó sí etí ibùsùn, n ó máa pàṣẹ fún ẹsẹ̀ mi, ẹsẹ̀ kò ní gbọ́. Bó bá sì wọ ara tán, ara mi á máa jó, á máa lọ́, èjìká á lọ sókè, orí á yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, láìjẹ́ pé èmi ni mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Láàárín méjèèjì ni wákàtí tó dára wà, wákàtí tí mo lè di bọ́tìnì ẹ̀wù mi fúnra mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wákàtí yẹn sọ́kàn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ìdánwò kan ni dókítà mi fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ náà. Ó ní kí n má lo oògùn kankan láti alẹ́ di òwúrọ̀. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ìyàwó mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi wọlé, ó ní kí n la ọwọ́ kí n pa á dé, kí n máa fi ìka kan àtàǹpàkò léraléra, kí n fi gìgísẹ̀ kilẹ̀, kí n dìde lórí àga, kí n rìn, ó sì ń fún ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì. Lẹ́yìn náà ni mo gbé oògùn mì, a dúró títí ó fi wọ ara, a sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fẹ́ kí oògùn mú máàkì náà sunwọ̀n tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, kí wọ́n tó gbà pé iṣẹ́ abẹ lè ṣe ẹni náà láǹfààní, nítorí pé ohun tí levodopa bá ràn lára ẹni ni iná náà sábà máa ń ràn. Gbígbọ̀n ló yàtọ̀: iná lè mú un rọlẹ̀ bí oògùn kò tilẹ̀ ràn án. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń ṣubú nígbà tí oògùn wà lára rẹ̀ pátápátá, tàbí tó ń gbàgbé nǹkan, wáyà kò ní gbà á lọ́wọ́ ìyẹn. Wákàtí tó dára jù lọ tí ẹ ní báyìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibi tí iná lè gbé yín dé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí wákàtí yẹn gùn.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe fún mi ní ìwé kan láti gbé lọ sílé. Wọ́n pín ọjọ́ kan sí ìdajì wákàtí, ó jẹ́ àyè 48, a ó sì fi àmì sí bóyá mo ń sùn, tàbí oògùn kò ṣiṣẹ́, tàbí ara mi dá láìsí jíjó, tàbí ó dá pẹ̀lú jíjó díẹ̀ tí kò yọ mí lẹ́nu, tàbí jíjó náà ń dà mí láàmú. Àyè tóóró kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, alẹ́ ni mo máa ń jókòó kọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti inú ìrántí. Nígbà tí mo dá ìwé náà padà, nọ́ọ̀sì wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì fi ìka tọ́ka sí ibi tí mo kọ ‘ara mi le’ sí ní aago mẹ́fà òwúrọ̀. Ó ní, “Bàbá, bí ara yín bá le lóòótọ́ nígbà tí ẹ kọ èyí, lẹ́tà yín kò ní tóbi tó báyìí.” Òótọ́ ló sọ. Àrùn yìí máa ń mú kí ìkọ̀wé ènìyàn sún kì, kí ó kéré títí á fi dà bí ipasẹ̀ èèrà. Wákàtí tó dára ni mo ti kọ gbogbo ìwé náà, mo sì ti fi ẹnu wákàtí tó dára sọ̀rọ̀ fún èyí tí kò dára. Ojú tì mí, mo sì tún un ṣe bó ṣe yẹ.

Mo wá ìtàn iṣẹ́ abẹ náà kà, nítorí mi ò lè jẹ́ kí wọ́n lu ihò sí agbárí mi láìmọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láyé ọjọ́un, àwọn oníṣẹ́ abẹ máa ń jó ibi kékeré kan nínú ọpọlọ kí gbígbọ̀n lè dáwọ́ dúró, wọ́n á sì kọ́kọ́ fi iná dán ibẹ̀ wò kí wọ́n má baà jó ibi tí kò yẹ. Ní 1987, ní ìlú Grenoble ní ilẹ̀ Faransé, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ kan, Alim-Louis Benabid, ṣàkíyèsí pé bí iná ìdánwò yìí bá ń ta ní nǹkan bí ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gbígbọ̀n náà á dáwọ́ dúró. Bí wọ́n bá pa iná náà, á tún padà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n tún ń jó ibẹ̀ sí? Wọ́n lè fi wáyà sílẹ̀ níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Mahlon DeLong, dókítà tó ń ṣèwádìí ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1990 pé bí wọ́n bá ba ibi kan tí wọ́n ń pè ní subthalamic nucleus jẹ́ nínú ọpọlọ ọ̀bọ tó ní àmì àrùn yìí, ara ọ̀bọ náà á tún yá, ibẹ̀ sì ni àwọn ará Grenoble wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà sí fún ènìyàn ní 1993. Ṣùgbọ́n ìwádìí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, èyí tí wọ́n ṣe fún ènìyàn 156 ní Jámánì àti Austria. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ayé dẹrùn fún àwọn tó gba wáyà ju àwọn tó ń lo oògùn nìkan lọ; síbẹ̀, ẹnì kan nínú àwọn tó gba wáyà kú nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ya sínú ọpọlọ. Mo ka gbólóhùn yẹn sókè fún ìyàwó mi lóru, àwa méjèèjì kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

A gbà á ṣe. Ojú mi là sílẹ̀ fún apá tó ṣe kókó jù lọ nínú rẹ̀. Wọ́n fi férémù irin di orí mi mú kí ó má baà yẹ̀ rárá, nítorí pé ibi tí wọ́n ń wá kò tóbi ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Wáyà tínínrín kan ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ̀ kalẹ̀, tó ń gbé ohùn àwọn sẹ́ẹ̀lì jáde sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ohùn náà sì dà bí òjò orí páànù: ó ń kán tó, tó, tó, ó dákẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà ó ya dà wàràwàrà. Dókítà ní, “A ti dé ibẹ̀.” Inú orí tèmi ni òjò náà ti ń rọ̀. Wọ́n ní kí n na ọwọ́ ọ̀tún mi. Ó ń gbọ̀n bó ṣe máa ń gbọ̀n. Wọ́n tan iná, ọwọ́ náà sì dúró jẹ́ẹ́ lójú mi, ìka márààrún, bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n fi kún iná náà, ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi fà, ahọ́n mi wúwo. Wọ́n ní iná ti ń dé ojú ọ̀nà mìíràn tó wà nítòsí, wọ́n sì dín in kù. Bátìrì rẹ̀ wà lábẹ́ awọ àyà mi.

Ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi ṣáájú, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Wọn kò tíì tan ẹ̀rọ náà tí ara mi ti dá fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó wá padà sí bó ṣe wà, mo sì rò pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Bí wáyà ṣe gba ibẹ̀ kọjá nìkan máa ń da ibẹ̀ rú fún ìgbà díẹ̀, tí ara á fi yá. Bí ibẹ̀ bá san, àmì àrùn á padà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tan tèmi sí ìgbà 130 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì gba oṣù mélòó kan kí wọ́n tó rí ìwọ̀n tó bá mi mu. Nígbà kan tí wọ́n gbé e sókè jù, mo ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, mo ń jí ṣe iṣẹ́ lóru, inú mi sì ń dùn púpọ̀. Ìyàwó mi ló rí i. Ó ní, “Bàbá wọn, ẹ kò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kò sì mọ̀.” Òun ló pe ilé ìwòsàn. Ẹni tó ń gbé pẹ̀lú aláìsàn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń yí ẹ̀rọ náà padà. Mi ò ní fi èyí ṣeré.

Báyìí, wákàtí tó dára mi máa ń gba ọ̀pọ̀ jù nínú ọjọ́. Jíjó ara fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí pé oògùn mi ti dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Ohùn mi ni mo pàdánù. Ó ti lọ sílẹ̀, ó sì máa ń wọ́, ìyàwó mi á ní kí n tún ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè nípa bàbá yín tó ń ṣubú nígbà tí oògùn ń ṣiṣẹ́, ẹ bi dókítà wọn ní ìbéèrè náà tààràtà kí ẹ tó ná owó àti ìrètí sí i.

Ọ̀rọ̀ ohùn yìí ló mú mi wọ inú ìwádìí, nítorí mo rò pé bí iná bá dín kù, ohùn mi lè sunwọ̀n. Ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń rán iná kan náà ní gbogbo ìgbà, yálà ara le ni tàbí ó dá. Ṣùgbọ́n nínú ọpọlọ àwa tí a ní àrùn yìí, ìgbì kan wà tó ń lọ sókè sódò láàárín ìgbà 13 sí 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó máa ń ga bí ara bá le, tó sì máa ń rẹlẹ̀ bí oògùn bá wọ ara. Wáyà tó ń rán iná lè gbọ́ ìgbì yìí pẹ̀lú, kí ẹ̀rọ máa fi kún iná tàbí kí ó dín in kù bó bá ṣe rí. Àwọn olùwádìí ní Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dán irú rẹ̀ wò fún ènìyàn 8 ní 2013, àkókò tí iná fi ń wọlé sì dín kù ju ìdajì lọ, bẹ́ẹ̀ ara wọn tún yá ju ti iná àtijọ́ lọ. Nínú ìwádìí tiwa, oṣù kan ni fún irú iná kan, oṣù kejì fún èkejì. Èmi kò mọ èyí tó wà lára mi, nọ́ọ̀sì tó ń fún mi ní máàkì náà kò mọ̀. Ìwé ìdajì wákàtí náà ni wọ́n tún gbé fún mi.

Mo ń kọ ọ́ ní àkókò rẹ̀ báyìí, àní ní aago mẹ́fà òwúrọ̀. Nígbà tí mo gbé ojú ewé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, lẹ́tà òwúrọ̀ àti ti ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní oṣù kejì, ìyàwó mi gba bírò lọ́wọ́ mi, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan sí àyè tóóró ẹ̀gbẹ́ níwájú aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́: ‘Wọ́n pè mí láti inú yàrá. Mo gbọ́ lẹ́ẹ̀kan.’ Wọn kò tíì sọ fún wa irú iná tó wà lára mi ní oṣù yẹn.