"Dàgbà" kọ́ ni "tóbi": ẹjọ́ mi lórí àwọn ọ̀rọ̀ ẹja inú ibú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá fún ìwé ẹ̀kọ́ lórí ẹja inú ibú òkun: "ìdàgbàsókè" fún bí ẹja ṣe ń tóbi, "ọjọ́ orí" fún iye ọdún rẹ̀, "bàlágà" fún ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí yé, "egungun etí" fún ohun tí wọ́n fi ń ka ọdún rẹ̀. Mo fara mọ́ "ọjọ́ orí". Ti àwọn mẹ́ta yòókù ni mo ní ẹjọ́ lé lórí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi.

"Ìdàgbàsókè" ti di ti ìjọba, títì àti iná mànàmáná ló ni ín. Ìyẹn ò tiẹ̀ ká mi lára tó "dàgbà" tó wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ní Tádé ti dàgbà, ẹ lè gbọ́ ọ pé ó ti ga, ẹ sì lè gbọ́ ọ pé ó ti ń hu ewú. Lára ènìyàn, kò sí wàhálà, torí ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ló máa ń jẹ́ ká mọ èyí tí à ń wí. Ẹ wá gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹja inú ibú kan tí wọ́n ń pè ní orange roughy, tí wọ́n ń pa ní New Zealand àti Ọsirélíà. Nínú òtútù àti òkùnkùn, níbi tí oúnjẹ ti ṣọ̀wọ́n, ẹja yìí ń rọra tóbi fún ọ̀pọ̀ ọdún, lẹ́yìn náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ má gùn sí i mọ́, síbẹ̀ ó lè lò ju 100 ọdún lọ láyé. Èyí tó jẹ́ ẹni ọdún 50 àti èyí tó ti lé ní 100 lè gùn dọ́gba lórí àtẹ. Bí a bá kọ ọ́ pé "ìdàgbà rẹ̀ dúró", akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé kò darúgbó mọ́ ni! Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó ń tóbi, tàbí pé ó ti jáwọ́ nínú títóbi. Ká fi "dàgbà" sílẹ̀ pátápátá nínú orí ìwé yẹn.

Ó wá kan "egungun etí". Egungun kọ́. Ẹni tó bá ti jẹ orí króókà mọ̀ ọ́n: òkúta funfun méjì tó le bí eyín, tí ẹ máa tu sí etí abọ́. Ohun tó mú ìkarahun ìgbín le náà ló mú un le. Lọ́dọọdún ni òkúta yìí ń gba ìpele tuntun. Wọ́n á là á, wọ́n á yún un títí á fi tín-ín-rín bí bébà, wọ́n á wá ka àwọn ìlà rẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù. Nígbà tí ìlà ti orange roughy ń lé ní 100, àwọn kan ò gbà. Ní 1991, àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà wọn rédíọ̀mù (irú irin kan) àti òjé inú òkúta náà, torí pé díẹ̀díẹ̀ ni rédíọ̀mù ń di òjé bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìṣirò náà sì gbè sẹ́yìn àwọn tó ka ìlà. Nítorí náà, "òkúta etí" àti "ìlà ọdún" ni tèmi. Àbúrò kan ní ká pè é ní "òrùka ọdún", ṣùgbọ́n ìka ni òrùka ń lọ.

"Bàlágà" ńkọ́? Lárúbáwá ló ti wá, ẹni tó bá sì bàlágà ni ìrun di dandan fún. Èmi ò mọ ẹja tó ń kírun. Mo kọ́kọ́ fẹ́ dá "ìtóbí" sílẹ̀, láti ara "ó ti tó bí", àmọ́ àbúrò mi kà á ní "ìtóbi" lójú mi, ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀. Kò pọn dandan kí gbogbo nǹkan ní orúkọ kan ṣoṣo. Ẹ kọ ọ́ báyìí: orange roughy ń lo nǹkan bí 20 sí 40 ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí yé. Ti akọ, ẹ ní "kó tó ní àtọ̀". "Yé" náà tó fún ìyókù: abo rẹ̀ ń yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ẹja tí wọ́n ń fi ṣe òkóporoko ní Norway ń yé mílíọ̀nù. Àwọn orange roughy kan kì í sì í yé lọ́dọọdún. Ibi òkè abẹ́ òkun ni wọ́n ti ń kóra jọ yé, ibẹ̀ náà sì ni àwọ̀n ti ń ká wọn mọ́.

Ẹni tó bá ní ìyá tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi wọ́n bóyá òkúta inú orí króókà ní orúkọ. Ìyá tèmi kàn ń pè é ní òkúta ni, wọ́n á sì ní kí n tu ú dànù.