Ọkọ mi ń yọ́ òjé bátìrì, a sì ń wá ọmọ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo, la wà. Aṣọ tí ọkọ mi fi ń yọ́ òjé bátìrì ló fi ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi nìkan sì ni ìyá rẹ̀ ń po àgbo fún! Ṣé òjé ò kàn án ni?

— Ó kàn án, àǹtí. L'Amẹ́ríkà, ní Michigan àti Texas, wọ́n tẹ̀lé tọkọtaya 501 tó ń wá oyún, 2005 sí 2009. Àwọn tí òjé pọ̀ lẹ́jẹ̀ ọkọ wọn ló máa ń pẹ́ kí wọ́n tó lóyún. Kó wẹ̀ kó tó wọlé.

— Ẹ bu àgbo fóun náà, kó mọ bó ṣe korò.

— Ha! Mo fọ aṣọ ọ̀hún láàárọ̀, omi rẹ̀ dúdú bí ọ́ìlì ọkọ̀.