Báwo ni mo ṣe lè mú kí ọjà inú géèmù mi dà bí ọjà gidi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀pẹ́ ni mo ń gbé. Mo ń kọ géèmù kan tí àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú ti ń ṣe àjàpá láàárín Ayé àti Mars: omi, irin, oúnjẹ, ẹ̀rọ.

Ìṣòro mi ni pé ẹni tó bá ti mọ ibi tí omi ti pọ̀ àti ibi tó ti wọ́n, á kàn máa lọ, á máa bọ̀, kò ní pẹ́ di olówó. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Ọjà Olúwo níbí. Tí ẹja bá pọ̀ láàárọ̀, owó rẹ̀ á já. Tó bá di ọ̀sán, ìyá ẹlẹ́ja á tún dín in kù kó má baà kùtà. Èyí tó bá ṣẹ́kù á bọ́ sórí ààrò, á di ẹja yíyan, owó tirẹ̀ á sì yàtọ̀. Irú ẹ̀mí yẹn gan-an ni mo ń wá.

Mo ti jẹ́ kí ibùdó kọ̀ọ̀kan máa pèsè nǹkan, kó sì máa lo òmíràn tán. Síbẹ̀, tó bá yá, gbogbo owó á dọ́gba, àjàpá á kú.

Ọkọ̀ gidi ń lo nǹkan bí oṣù 7 kó tó dé Mars, oṣù 26 síra sì ni Ayé àti Mars máa ń wà níbi tí ìrìn àjò náà ti máa ń rọrùn. Ṣé kí n gbé owó ọjà lé èyí? Ṣé kí àwọn alájàpá tí kọ̀ǹpútà ń darí máa ra ọjà lóòótọ́, àbí kí n kàn máa yí iye owó fúnra mi? Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìṣirò yín hàn mí.