Ewì àṣíkiri àti ẹfolúṣọ̀n: ṣé kí n yọ ìlà yìí ni?

Akéwì_Àjò: Ẹ kú ìjókòó o. Mo ń kọ ewì kan nípa bí mo ṣe kúrò nílùú mi, ẹfolúṣọ̀n (bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran) ni mo sì fi ṣe àfiwé ẹ̀ látòkè délẹ̀. Mo wá kọ ọ́ níbì kan pé "ọdún mẹ́ta péré, àgógó ẹnu mi ti yí padà, mo ti ń fọ́ kóró tí wọ́n ń jẹ níbí". Ọ̀rẹ́ mi kan tó ka báyọ́lọ́jì ní irọ́ gbuu ni. Ó dùn mí o, torí ìlà yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Ṣé kí n yọ ọ́ ni àbí kí n fi sílẹ̀, ewì ṣáà ni?

Tíṣà_Sáyẹ́ǹsì: Ọ̀rẹ́ yín ò purọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹyẹ kan ṣoṣo kì í pààrọ̀ àgógó, èyí tí wọ́n bí mọ́ ọn ló máa gbé kú. Nígbà tí ọ̀dá dá ní erékùṣù Daphne Major, ní Galápagos (àwọn erékùṣù kan lójú òkun Pàsífíìkì), lọ́dún 1977, kóró kéékèèké tán, ó ku àwọn tó le, àwọn ẹyẹ finch tẹ́nu wọn kéré ló kú jù, àwọn tẹ́nu wọn tóbi ló ṣẹ́kù tó bímọ, bẹ́nu àwọn ọmọ ṣe tóbi nìyẹn. Ikú ló ṣe é, kì í ṣe ìgbìyànjú.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. Lọ́dún 1981 akọ ẹyẹ kan fò dé erékùṣù yẹn láti Española, erékùṣù mìíràn ní Galápagos, ó jìn tó bíi kìlómítà 100. Orin ẹ̀ yàtọ̀. Ó rí abo fẹ́ níbẹ̀, àwọn ọmọkùnrin ẹ̀ sì kọ́ orin lẹ́nu bàbá wọn (orin kì í ṣe àbímọ́ o, kíkọ́ ni), làwọn abo onílẹ̀ bá kọ̀ wọ́n. Nígbà tó yá àwọn àrọ́mọdọ́mọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ra wọn. Peter àti Rosemary Grant, tọkọtaya onísáyẹ́ǹsì, ló ń ṣọ́ wọn. Bàbá ló rìnrìn àjò, ara àwọn ọmọ ló ti hàn.

Ìyá_Ewì: Èmi ò bínú sí irọ́ inú ewì, ìjàpá ṣáà ń sọ̀rọ̀ nínú ààlọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni "ẹni tó tó ló ń yè" tí wọ́n máa ń kì bọ ewì àṣíkiri. Herbert Spencer, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ gbé e jáde lọ́dún 1864, Darwin, onísáyẹ́ǹsì ẹfolúṣọ̀n, yá a lò lẹ́yìn náà ni. Akéwì, tó o bá lò ó, àwọn tó rì sómi lójú ọ̀nà ńkọ́, àwọn ò tó ni?

Etí_Òkun: Ẹ lo àbùùbùtán. Egungun ìbàdí ṣì wà nínú ẹ̀ látìgbà táwọn baba ńlá ẹ̀ fi ń fẹsẹ̀ rìn nílẹ̀. Kò fi rìn mọ́. Èdè mi lẹ́nu àwọn ọmọ mi rèé.

Tíṣà_Sáyẹ́ǹsì: @Etí_Òkun ó ṣì ń ṣiṣẹ́ o, ibẹ̀ ni iṣan nǹkan ọkùnrin ẹ̀ so mọ́ 😂

Akéwì_Àjò: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti yọ ọdún mẹ́ta yẹn:

Àgógó tí mo gbé wá ni mo ṣì ń lò.
Orin tí mo ń kọ ní bàlùwẹ̀
lọmọ mi gbé jáde síta,
wọ́n ní, ẹyẹ ibo nìyí?

Ẹ má sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé ó borí ṣá.