Èsì sí “òpó ìdarí”: ṣé òpó máa ń yí?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹni wa tó ń túmọ̀ ìwé àtúnṣe ọkọ̀ bi wá lánàá pé kí la ó máa pe irin tó ti ìdí sítíárìn sọ̀kalẹ̀ lọ bá ráàkì, ìyẹn irin ìdábùú tó ń ti táyà iwájú sọ́tùn-ún sósì. Ẹni méjì ní “òpó ìdarí”, ẹnì kẹta ní “ọ̀pá ìdarí”. Mi ò fara mọ́ òpó rárá. Ojú kan ni òpó ń dúró sí títí ilé fi máa wó. Irin tí à ń sọ yìí, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yí. Lọ́jọ́ tí kò bá yí, ọkọ̀ wọ igbó nìyẹn.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lára ọkọ̀ mi tí wọ́n ṣe ní 1999. Bí mo bá ti kó sí kòtò, á máa dún kó, kó lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mọkáníìkì wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ní kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ jókòó síwájú, ó wá ń pariwo sí i: “Ṣẹ́wọ́! Ṣẹ́ ẹ sọ́tùn-ún! Ó tó, dáwọ́ padà!”

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Kò pe ìdarí, ọwọ́ ló pè. Ohun tí gbogbo ẹni tó bá dúró sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń júwe ibi tí awakọ̀ máa páàkì sí náà ń sọ nìyẹn. Ọkọ̀ ní ẹsẹ̀ lẹ́nu wa, ó ní imú, ó ní ìdí, ó sì ní ọwọ́ tí à ń ṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká pè é ní ọ̀pá ìṣẹ́wọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní bí a kò bá fi àmì sí i, “iṣẹ́ ọwọ́” làwọn èèyàn máa kà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwé tí a fẹ́ kọ́ ọmọ níṣẹ́ yẹ kó ní àmì. “Ìyíwọ́” ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo jù ú nù kíá, torí ohun tó bá yíwọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀pá ìdarí sàn ju òpó lọ, àmọ́ olùdarí àti ìdarí ìjọ ti gba ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀pá oyè ni etí máa gbọ́. Ìtọ́kọ̀ tó wà nínú Jákọ́bù 3:4, ti ọkọ̀ ojú omi ni, òun fúnra rẹ̀ ló ń darí ọkọ̀. Ọ̀pá tiwa kì í darí nǹkan kan. Ohun tí ọwọ́ bá ṣe lókè ló ń gbé lọ fún ráàkì nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ìwé náà máa nílò ni oríkèé. Kì í ṣe irin gbọọrọ yẹn gan-an ló gbó, ibi tó ti ń ṣẹ́ kọ́rọ́ ló gbó. Nígbà tí mo bi ọmọṣẹ́ yẹn pé báwo ló ṣe rí, kò sọ̀rọ̀, ó kàn na apá, ó wá ń yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ po. Oríkèé nìyẹn. Eyín náà wà níbẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí wọ́n gé sára irin kí wọ́n lè wọnú ara wọn. Mọkáníìkì ló fẹnu ara rẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀: “Dádì, bóòtù tó di oríkèé mú yìí gbọ́dọ̀ jáde pátá o. Ẹni tó bá kàn dẹ̀ ẹ́ tó wá ń fi òòlù gbá a, eyín ló máa bà jẹ́.” Kó tó tú u, ó mú kí táyà iwájú tọ́, ó fi bẹ́líìtì ìjókòó so sítíárìn kó má baà yí, torí wáyà érábáàgì (àpò tó ń wú láti gba awakọ̀ sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan) tó ká bí ìkarahun ìgbín lẹ́yìn rẹ̀ lè já. Ó wá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, nítorí bí ó bá fi eyín kan ṣoṣo yẹ̀, sítíárìn á wọ́ nígbà tí ọkọ̀ ń lọ tààrà.

Ráàkì, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ ráàkì. Mo ti dán gbólóhùn kan wò fún ìwé náà, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò: “Kí o tó tú bóòtù oríkèé ìsàlẹ̀, fa ìlà sára ọ̀pá ìṣẹ́wọ́ àti sára ráàkì, kí eyín wọn lè padà sí ojú kan náà.”